Wáyà Etí Ọkọ Mi Tí Mo Gé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Mo ti gbé e fún ọdún mélòó kan, mo rò pé yóò máa fúyẹ́ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Kò fúyẹ́. Ní báyìí, ẹnì kan ń bọ̀ wá bá wa gbé, mi ò sì mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ ara mi. Orúkọ tí mo sì fi pe àwọn tó kù kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Aránṣọ ni mí. Yábà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìwáyà. Búráímọ̀ ni màá máa pè é. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Ojúwòyè ní Múṣín. Ó lọ sí ogun Bọ́mà, ó sì padà wá láàyè, ṣùgbọ́n ariwo ìbọn ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Etí ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan. Tòsì ń gbọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá sún mọ́ ọn, tó sì pariwo. Kọ́pù ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí kọ́pùrù ló jẹ́ nínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Kò fi nǹkan pa mọ́ fún mi nígbà tó fẹ́ fẹ́ mi. Ó sọ fún mi pé òun ti ní ìyàwó kan nílé kí òun tó lọ sójú ogun. Rábí lorúkọ rẹ̀. Ó lóyún nígbà tí ọkọ mi ń lọ. Nígbà tí ọkọ mi dé, kò bá a mọ́. Wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ ti mú un lọ sí Gólúkóòsì (ilẹ̀ Gánà) níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò. Wọ́n tún ní oyún náà bàjẹ́. Inú bí ọkọ mi sí àwọn ẹbí rẹ̀ pé wọ́n yọ̀ǹda obìnrin náà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó wá sí Èkó, kò sì padà sílé mọ́. Wọ́n mọ̀ pé Èkó ló wà, wọn ò mọ àdúgbò.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò lè sọ pé ó fìyà kan jẹ mí rí. Ohun tó kàn ń dùn wá ni pé Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Kò bá mi sọ ọ́. Èmi ni mo máa ń bá ara mi sọ ọ́, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Nígbà tí wọ́n fi wáyà fa asọ̀rọ̀mágbèsì wọ àwọn ilé ní àdúgbò wa, a gba ọ̀kan. Àpótí kékeré ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Gbogbo èèyàn ń gbọ́ ọ àfi ọkọ mi. Yóò jókòó síwájú rẹ̀, yóò máa wo ẹnu wa bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ní Ojúwòyè. Tìámíyù ni kí a pè é. Òun ló wá fóònù etí kan fún un, irú èyí tí àwọn sójà máa ń dé sórí, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so abala etí méjèèjì pọ̀. Ó lu ihò sí ara àpótí náà tí ẹnu wáyà fóònù yóò máa wọ̀. Bí a bá ti ki ẹnu wáyà náà bọ̀ ọ́, àpótí á dákẹ́, ẹni tó dé fóònù nìkan ni yóò máa gbọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ dé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Nígbà tó yá, mo rí i tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ń ka Kùránì."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù náà kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ọkọ mi á gbàgbé pé ó wà lórí òun, á dìde láti kí àlejò tàbí láti lọ ṣe àlùwàlá, wáyà á sì fà. Ọrùn ẹnu wáyà ló máa ń já sí, níbi tó ti ń ṣẹ́ po. Ọwọ́ ọkọ mi nípọn, kò lè mú ohun tó tín-ín-rín. Tìámíyù ní kí n wá kọ́ ọ, nítorí ọwọ́ aránṣọ ló yẹ ẹ́.

Mo kọ́ ọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òwú ló wà nínú wáyà náà. Wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ wé òwú náà yíká, kó lè máa rọ̀. Bí èèyàn bá kàn gbé òjé gbígbóná lé e, òwú á jó, kò sì ní lẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ fi fọ́nrán bàbà kan wé ẹnu rẹ̀ pinpin, bí ìgbà tí mo bá ń di ẹnu òwú aṣọ, kí n tó fi irin tí mo ti kì bọ inú ẹyín iná jó òjé lé e lórí. Lẹ́yìn náà màá fi òwú dúdú ran ọrùn rẹ̀ kó má baà tètè ṣẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ti dára, màá dé fóònù, màá fi ẹnu wáyà kan orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá gbọ́ tí ó ta kẹ́ẹ́, ó ti jinná nìyẹn.

Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ìró yẹn. Mi ò parọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn kí ọkọ mi máa gbọ́ràn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo ti tún un ṣe tán, mo fi bátìrì dán an wò, ó dáhùn. Mo wá kì í bọ àpótí kí n lè gbọ́ bóyá abala méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń kéde. Wọ́n kéde òkú, wọ́n kéde màlúù tó sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ orúkọ ọkọ mi.

Akéde náà ní wọ́n ń wá Búráímọ̀ Àjàní, ọmọ agboolé báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó lọ sí ogun Bọ́mà. Ó ní Rábí tó ti Gólúkóòsì dé ló ń wá a. Ó ní kí ó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin wà láàyè, ó sì ti dàgbà. Ó ní ara Rábí kò yá, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọkùnrin náà jọ̀ọ́ sọ fún un kó wá. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn yóò máa kà á ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́ títí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi parí.

Mo bọ́ fóònù náà sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ nílé wa, nítorí fóònù ti pa àpótí lẹ́nu mọ́. Àwọn ará àdúgbò tó bá sì gbọ́ ọ, Kọ́pù ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ Búráímọ̀ Àjàní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò, kì í ṣe láti fi dá ara mi láre. Mo rò ó pé Rábí ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ mi. Bó bá dé, òun ni ìyáálé. Yóò dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, èmi yóò sì di ìyàwó kékeré tí kò bímọ, tó ń ránṣọ fún wọn. Mi ò rò nípa àìsàn tí wọ́n ní ó ń ṣe é. Mi ò rò nípa ọmọ náà rárá, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Mo mú àlùmọ́gàjí mi. Mo tú ẹnu wáyà náà, mo gé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so, mo sì pa ẹnu rẹ̀ dé padà. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó dé fóònù, ó dúró, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó ní, "Kò tíì dára ni?"

Mo pariwo sí i létí pé òjé tán, ó di ìgbà tí mo bá rí òmíràn. Ó ní kò burú. Síbẹ̀síbẹ̀ ó jókòó, ó ń wo àpótí náà. Mo yọ ẹnu wáyà kúrò nínú ihò, mo sì pa àpótí kí n má baà gbọ́ ohùn akéde.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tàn án. Lónìí òjé tán, lọ́la iṣẹ́ aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dì í sínú aṣọ, ó mú un lọ sí Ojúwòyè láìsọ fún mi. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ, mo bá a níwájú tábìlì Tìámíyù, Tìámíyù sì ti tú ẹnu wáyà náà.

Tìámíyù wò mí. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Àǹtí, wáyà yìí kò já. Wọ́n gé e ni."

Ọkọ mi dúró láàárín wa. Ó ń wo ẹnu Tìámíyù, ó ń wo tèmi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sí etí òsì ọkọ mi, ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ku nǹkan kan tí mo ní láti lọ rà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní òun kàn rò pé kí òun gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ni.

Láti ọjọ́ yẹn, Tìámíyù kì í wò mí lójú. Bí mo bá kí i, á jẹ́ mi lóhùn, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò bi mí léèrè mọ́. Ó ṣeé ṣe kó rò pé orin kan ni mi ò fẹ́ kí ọkọ mi gbọ́, tàbí ohun mìíràn tí kò tó nǹkan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, mo lọ gba fóònù náà, mo tún un ṣe dáadáa. Ọkọ mi gbọ́ràn padà. Ó sọ fún àwọn àlejò pé bí kò bá sí ìyàwó òun, òun ì bá ti di igi. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ó tó ọdún mélòó kan tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Mo ti ń bá ara mi sọ pé ó ti lọ. Àfi bí ọkùnrin oníṣòwò aṣọ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe wá ṣe ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ó rí ilà ojú rẹ̀, ó bi í ní agboolé rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e wá sílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ mi nínú yàrá. Bí ẹ bá ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ẹ ò lè sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n wá yín títí. Wọ́n fi yín sínú asọ̀rọ̀mágbèsì. Rábí wà lórí ẹní, ó ní kí wọ́n gbé òun sí ẹnu ọ̀nà kí òun lè rí yín bí ẹ bá ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló kú sí."

Ọkọ mi ní wọ́n sọ fún òun pé oyún Rábí bàjẹ́.

Ọkùnrin náà ní kò bàjẹ́, pé ọmọ náà, Sàrátù, ti lọ́kọ. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ló dúró bíi bàbá níbi yìgì rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n tún ń bi Sàrátù bóyá kí wọ́n wá bàbá rẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní bàbá òun gbọ́, kò kàn fẹ́ wá ni.

Ọkọ mi wá béèrè ìgbà tí wọ́n kéde. Ọkùnrin náà sọ ọ́ fún un, pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àwẹ̀ lọ́dún báyìí ni. Ọkọ mi ronú. Ó pè mí jáde. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe ìgbà tí fóònù mi bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo mi orí pé òun ni.

Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ohun tó sọ ni pé, "Kí ìwọ má dá ara rẹ lẹ́bi o. Òjé ló tán. Ìwọ gbìyànjú." Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká bó ṣe sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò ṣí.

Ó ní àwa méjèèjì ni yóò jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun. Mo tẹ̀ lé e. Ilé ọkọ Sàrátù ni a lọ. Wọ́n pe ààfáà àdúgbò àti àwọn àgbà méjì kan. Sàrátù jókòó sórí ẹní, kò kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ojú ọkọ mi gan-an ló ní, àti bó ṣe máa ń fi àtàńpàkò pa ìpéǹpéjú bó bá ń ronú. Òun ni ọmọ tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ọkọ mi sọ tirẹ̀. Ó sọ pé etí òun ti bàjẹ́ lójú ogun, pé ohun tí òun fi ń gbọ́ràn náà sì bàjẹ́ lásìkò yẹn. Sàrátù gbọ́ ọ, ó yíjú sí mi.

Ó ní, "Mà, ẹ̀yin ni ẹ wà pẹ̀lú wọn. Ṣé wọ́n gbọ́ àbí wọn ò gbọ́? Bí ẹ bá lè búra, màá gbà."

Ààfáà gbé Kùránì síwájú mi. Mo ṣe àlùwàlá, mo gbé ọwọ́ lé e. Mo búra pé fóònù etí ọkọ mi bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, pé kò gbọ́ ohun kankan, àti pé bó bá gbọ́, kò sí ohun tí ì bá dá a dúró. Kò sí irọ́ kan nínú ohun tí mo búra sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́, mo sì fara balẹ̀ ṣa ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sàrátù bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń pè é lórúkọ léraléra. Àwọn àgbà ní kí a ṣe àdúà. Èmi náà ṣe àmín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ sí ibojì Rábí. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ mi. Mi ò sún mọ́ ọn.

A padà sí Yábà. Ara ọkọ mi yá gágá. Ó sọ pé Ọlọ́run ti fi ojú àánú wo òun. Láti ìgbà náà, mo ti gbìyànjú láti jẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Kò mọ̀wé, mi ò lè kọ ọ́ fún un. Kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún un, mo ní láti fi ẹnu sí i létí kí n sì pariwo rẹ̀, gbogbo ilé yóò sì gbọ́. Nígbà kan mo sún mọ́ ọn, mo mí kanlẹ̀. Ó dojú kọ mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo pariwo pé oúnjẹ ti jinná.

Ìṣòro tó tún wá dé rèé. Sàrátù ti lóyún. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bí i lọ́dọ̀ wa, pé òun fẹ́ kí bàbá òun fúnra rẹ̀ wà níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ò ní ìyá mọ́, pé èmi ni òun fẹ́ kó wẹ ọmọ fún òun, torí bí kì í bá ṣe ẹnu mi, òun ì bá ṣì máa kórìíra bàbá òun.

Ọkọ mi ti ń kan ibùsùn ọmọ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, màá tú ohun tí ìbúra yẹn so pọ̀ ká. Ọkọ mi lè kọ̀ mí, ó tọ́ sí i. Àmọ́ Sàrátù ńkọ́? Ṣé kí n tún gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Bí mo bá sì dákẹ́, yóò máa pè mí ní Ìyá, èmi yóò sì máa dáhùn.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè ka ohun tí mo kọ. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Tìámíyù tí mo kó sínú ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Rábí ni mo ṣẹ̀ jù, ẹni tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà, tó ń wo ọ̀nà. Mi ò mọ ẹni tó lè bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlànà ẹ̀sìn, ẹ má wulẹ̀ bú mi nìkan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yìn ọdún Iléyá ni Sàrátù ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó dé.